Òróòro Kì Í Ṣe Òróró: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Àpò Kékeré Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀dọ̀

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn tẹ́ ẹ rò pé mi ò rí fóònù tó wà lábẹ́ tábìlì, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú sùúrù.

Nígbà tí wọ́n ní kí n mú ẹ̀yà ara kan tó bá wù mí kí n wá sọ̀rọ̀ lé e lórí, wọ́n rò pé ọkàn ni mo máa mú, tàbí ọpọlọ, tàbí kíndìnrín tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Mo ní àpò òróòro ni mo fẹ́. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Dókítà, ṣé nǹkan aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń yọ dànù lára adìyẹ yẹn?" Mo ní òun náà ni. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ẹni tó bá ti ṣèèṣì fi ọ̀bẹ gún àpò yẹn rí nígbà tó ń la adìyẹ mọ̀ pé ẹ̀kán kan péré ti tó láti ba ẹran jẹ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ bá mi pe ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ ní: òróró. (Àwùjọ pè é.) Ẹ ní: òróòro. (Àwùjọ pè é.) Ẹ ṣeun. Ẹ rí i pé ohùn ló yà wọ́n. Òróró ń dán, ó ń yọ̀, ó ń mú oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun. Òróòro korò, ara wa fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ sínú ìdánwò rí pé ẹ̀dọ̀ èèyàn ń ṣe òróró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lítà kan lójúmọ́. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí ì bá tún ra epo láyé. (Ẹ̀rín.)

Ṣùgbọ́n ẹ má fojú yẹpẹrẹ wo ìjọra orúkọ yẹn. Torí òróró ni òróòro ṣe wà. Torí ọ̀rá tí à ń jẹ ni ara ṣe ń ṣe omi kíkorò yìí, torí pé a kì í jẹun ní gbogbo ìgbà ló sì ṣe nílò àpò tó máa tọ́jú rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá wá wà. Ìyókù, àlàyé ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá a kàn

Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín. Ẹ fi ìka tẹ ibi tí egungun ìhà ọ̀tún parí sí níwájú ikùn. Ẹ rọra o, ẹ má gún ara yín. Ẹ̀dọ̀ ló wà lábẹ́ ọwọ́ yín níbẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀dọ̀ yẹn, nínú kòtò kékeré kan tó bá a mu rẹ́gí, ni àpò òróòro sùn sí. Ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ọmọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá.

Báwo ló ṣe rí? Èmi máa ń fi wé àdó: ìdí rẹ̀ tóbi, ara rẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀, ọrùn rẹ̀ há. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10, ká ṣáà ní ìka ọwọ́ kan. Bó bá kún, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju mìlílítà 30 sí 50 lọ. Ṣé ẹ mọ bí ìyẹn ṣe kéré tó? Ṣíbí ńlá méjì sí mẹ́ta ni.

Bí ẹ bá là á, inú rẹ̀ kò tẹ́jú. Ó ṣẹ́ po wẹ́wẹ́ bí aṣọ tí wọ́n rún mọ́wọ́. Ìṣẹ́po yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́: òun ló jẹ́ kí ara àpò náà fẹ̀ tó láti fa omi, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Lẹ́yìn awọ inú yìí ni iṣan wà, iṣan tó lè sún kì kó sì tún dẹ̀. Ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà lóde pátápátá. Ó tán. Mi ò ní fi orúkọ tí àwọn oníṣègùn fún apá kọ̀ọ̀kan da yín láàmú.

Láti ọrùn àdó yìí, ọ̀pá tín-ín-rín kan jáde, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4, tí inú rẹ̀ lọ́ yíká bí inú ìkarahun ìgbín. Ọ̀pá yìí pàdé èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀, àwọn méjèèjì sì di ọ̀nà kan ṣoṣo tó forí lé ìfun kékeré. Kó tó wọ ìfun, ó tún pàdé ọ̀pá tó ń bọ̀ láti inú pánkíríàsì, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù. Ibi tí wọ́n ti jọ wọlé sínú ìfun, iṣan róbótó kan yí ẹnu ọ̀nà náà ká, bí okùn tí wọ́n ń fà di ẹnu àpò. Ọmọ Ítálì kan tó ń jẹ́ Ruggero Oddi ló ṣàlàyé iṣan yìí lọ́dún 1887, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi pè é títí dòní. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ̀yìn, ṣé ẹ̀ ń gbọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni Oddi nígbà yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́!

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú níbí yìí. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni àpò òróòro ní. Ibi tí òróòro gbà wọlé náà ló ń gbà jáde. Bí nǹkan bá lọ há síbẹ̀, kò sí ẹ̀yìnkùlé tó lè gbà sá.

Ta ló ń ṣe òróòro?

Ẹ dá mi lóhùn. Ta ló ń ṣe òróòro? (Ohùn púpọ̀.) Mo gbọ́ ẹni tó ní àpò òróòro. Ẹ ṣeun, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ lẹ sọ. Kì í ṣe òun. Ẹ̀dọ̀ ni. Àpò yìí kò ṣe ẹ̀kán kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín.

Ẹ̀dọ̀ ń ṣe nǹkan bí ìdajì lítà sí lítà kan lójúmọ́. Kì í sinmi. Ẹ sùn, ó ń ṣe é. Ẹ jí, ó ń ṣe é. Ẹ gbààwẹ̀, ó ń ṣe é. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rá kì í wà nínú ìfun ní gbogbo ìgbà. Ẹ jẹun alẹ́ ní agogo méje, ẹ ò tún ní jẹun títí di agogo méje òwúrọ̀. Òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń dà sílẹ̀ láàárín wákàtí 12 yẹn, ibo ni kó lọ?

Ẹ wo ọgbọ́n tí ara dá. Bí kò bá sí oúnjẹ, iṣan Oddi á fún ẹnu ọ̀nà ìfun pa. Òróòro tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ á kan ilẹ̀kùn títì, á padà sẹ́yìn, á gba inú ọ̀pá tín-ín-rín yẹn wọ inú àpò lọ. Ibẹ̀ ni yóò sùn mọ́jú.

Ẹ̀yin oníṣirò ti ń wò mí. Ẹ ní: dókítà, bí ẹ̀dọ̀ bá ṣe 450 mìlílítà láàárín wákàtí 12, tí àpò ò sì gbà ju 50 lọ, ṣé kò ní bẹ́ ni? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kò ní bẹ́, torí kì í ṣe pé ó kàn ń gba òróòro sílẹ̀ lásán. Àwọn ìṣẹ́po inú rẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń fa omi àti iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ń dá wọn padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná ṣe ń fà tó sì ń ki, bẹ́ẹ̀ ni òróòro ń ki nínú àpò. Ó lè ki ní ìlọ́po márùn-ún, ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá. Òróòro tó ń jáde lẹ́dọ̀ tààrà ṣàn bí omi, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin. Èyí tó ti sùn nínú àpò ti ki, ó ti ṣú, ó ti di aláwọ̀ ewé. Omi rẹ̀ ló lọ, kíkorò rẹ̀ ló kù.

Ó ń gbà á, ó ń jẹ́ kó ki, ó sì ń tú u jáde nígbà tó bá yẹ. Lójú tèmi, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló gbayì jù. Ìkòkò náà lè gba nǹkan sílẹ̀. Mélòó ni ìkòkò tó mọ ìgbà tó yẹ kó dà?

Bí ọ̀rá bá dé

Wàyí o, ẹ ti jẹun. Àpòlúkù ti po oúnjẹ, ó ń rọra tì í díẹ̀díẹ̀ sínú ìfun kékeré. Ọ̀rá tó wà nínú oúnjẹ yẹn kan ara ìfun. Bó ṣe kàn án báyìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó jókòó sára ìfun máa da họ́mọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ìránṣẹ́ tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ jíṣẹ́, sínú ẹ̀jẹ̀. Cholecystokinin lorúkọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín; bí a bá tú u láti èdè Gíríìkì, ohun tó ń sún àpò òróòro ṣiṣẹ́ ni. Àwọn olùwádìí méjì, Ivy àti Oldberg, ló fún un lórúkọ yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1928.

Ìránṣẹ́ yìí ń jẹ́ iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sọ fún àpò pé: sún kì. Ó sọ fún iṣan Oddi pé: ṣílẹ̀kùn. Ẹ ò rí i pé ó gbọ́n? Bí àpò bá sún kì tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Bí ilẹ̀kùn bá ṣí tí àpò sì ń sùn ńkọ́? Ẹ sì rántí pé kò sí okùn kankan láàárín ìfun àti àpò tí ìránṣẹ́ yẹn ń tọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló gbà, ó yí gbogbo ara ká kó tó dé ibi tó ń lọ. Ó dé ọwọ́, ó dé etí, ó dé ìka ẹsẹ̀ pàápàá. Ìka ẹsẹ̀ ò dá a lóhùn, torí iṣẹ́ yẹn kò kàn án. Àwọn tó létí tí wọ́n lè fi gbọ́ ọ nìkan ló ń dìde.

Àpò sún kì, òróòro ya wọ inú ìfun. Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fọ abọ́, ẹ jẹ́rìí mi. Ẹ da omi lásán sórí àwo tó lọ́ràá, omi á yí gbirigbiri lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rá á dúró síbi tó wà. Omi àti òróró kì í rẹ́. Ẹ wá kán ọṣẹ sí i, gbogbo rẹ̀ á tú ká. Ọṣẹ inú ìfun ni òróòro. Iyọ̀ òróòro, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ní ojú méjì: ojú kan fẹ́ràn omi, ojú kejì fẹ́ràn ọ̀rá. Ó wọ àárín àwọn ọ̀tá méjì yìí, ó fọwọ́ kan mú èyí, ó fọwọ́ kejì mú ìyẹn. Ọ̀rá tó jẹ́ ẹ̀kán ńlá kan ṣoṣo á fọ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀kán kéékèèké.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, òróòro kì í da ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣi èyí mú. Omi tó ń wá láti inú pánkíríàsì ló ń dà á. Òróòro ló ń la igi sí wẹ́wẹ́, ẹlòmíràn ló ń dáná. Ìtì igi ńlá ò ní tètè gbiná, igi wẹ́wẹ́ á jó fòò. Bí òróòro ò bá wá, ọ̀pọ̀ ọ̀rá á bá ìgbẹ́ jáde bó ṣe wọlé, á sì kó fítámì A, D, E àti K lọ, torí inú ọ̀rá ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ń wọ̀ rìn. Fítámì K ni ẹ̀jẹ̀ fi ń dì lójú ọgbẹ́. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ àpò kékeré ṣe di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀?

Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ṣé ara máa da ọṣẹ yẹn nù ni? Rárá o. Bó bá dé ìparí ìfun kékeré, nǹkan bíi 95 nínú 100 iyọ̀ òróòro yẹn ni ìfun máa kó padà sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ fún ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á tún tì í síta. Gbogbo iyọ̀ òróòro tó wà lára àgbàlagbà kò ju gíráàmù 2 sí 4 lọ. Ìwọ̀nba yẹn náà ló ń yí bí ìgbà mẹ́fà sí mẹ́wàá lójúmọ́. Mi ò tíì rí ilé tí wọ́n ti mọ owó ná tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀

Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin àgbà, ibi tí mo ń lọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí oúnjẹ. Ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tí ìgbẹ́ fi ní àwọ̀ tó ní? Ẹ jẹ ewébẹ̀, ẹ jẹ ẹran, ẹ mu wàrà, àwọ̀ kan náà ló ń padà wá.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ láyé. Bó bá kú, ara á yọ irin inú rẹ̀ sílẹ̀ láti tún un lò, ìyókù á di nǹkan kan tó pọ́n bí ìyeyè tó ń jẹ́ bilirúbìn. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o dà sínú òróòro. Bó bá dé ìfun, àwọn bakitéríà ibẹ̀ á sọ ọ́ di aláwọ̀ ilẹ̀. Òkú ẹ̀jẹ̀ yín lẹ̀ ń rí láràárọ̀.

Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ohun tó lè gba èèyàn là. Bí nǹkan bá dí ọ̀nà òróòro, bilirúbìn ò ní rí ìfun dé. Ìgbẹ́ á funfun bí amọ̀ gbígbẹ. Bilirúbìn á padà sínú ẹ̀jẹ̀, á gba ojú, ẹyinjú á pọ́n bí ìyeyè. Á gba inú ìtọ̀, ìtọ̀ á dúdú. Ara á sì máa yún èèyàn. Ìgbẹ́ funfun, ìtọ̀ dúdú, ojú pípọ́n: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, ẹ má ṣe sọ pé ibà lásán ni. Ẹ gbéra.

Òkúta, àti ìjẹ́wọ́ mi

Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àwọn kan nínú yín ti lè máa bi ara wọn pé kí ló ṣe dókítà yìí tó fi fẹ́ràn àpò òróòro tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi tí mo dúró síwájú yín yìí, mi ò ní àpò òróòro mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀. Mo ti jẹun, mo jẹ ọ̀rá dáadáa, mo ti sùn. Ìrora kan jí mi lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Ó gun òkè, ó yà sẹ́yìn, ó dé abẹ́ èjìká ọ̀tún. Kì í ṣe ìrora tí èèyàn ń dùbúlẹ̀ tì. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde, mo ń rìn kiri inú yàrá bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Nígbà tó di bíi wákàtí mẹ́ta, ó lọ bó ṣe dé. Ní òwúrọ̀, mo sọ fún ìyàwó mi pé ọgbẹ́ inú ni. Mo lo oògùn ọgbẹ́ inú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó padà wá. Mo tún lo oògùn ọgbẹ́ inú. Oṣù méje ni mo fi ṣe èyí, èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn nípa àpò òróòro láti ọdún yìí wá.

Nọ́ọ̀sì kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ló rí mi lọ́jọ́ kan tí mo fọwọ́ di ìhà mú. Ó ní, "Ẹ má bínú o, sà. Ibi tẹ́ ẹ dì mú yẹn, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ wa pé bí ẹni tó jẹ ọ̀rá bá di ibẹ̀ mú lóru, ká wo àpò òróòro?" Ojú tì mí. Wọ́n ṣe síkáànù fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Òkúta mẹ́ta.

Báwo ni òkúta ṣe ń wọ inú àpò tí kò fara kan ilẹ̀? Ṣé ẹ rántí pé àpò ń fa omi kúrò nínú òróòro? Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan, wà nínú òróòro, kò sì lè yòrò nínú omi. Iyọ̀ òróòro ló ń gbé e dání. Bó bá pọ̀ ju agbára ẹni tó ń gbé e lọ, á ṣẹ́ kù, bí ṣúgà tó pọ̀ jù ṣe ń ṣẹ́ kù sídìí ife. Bí àpò ò bá tún wá sún kì dáadáa láti gbá a jáde, ìdọ̀tí yẹn á jókòó, á dì, á le. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa, pé ó ń pa nǹkan mọ́, pé ó ń jẹ́ kó ki, ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà.

Òkúta tó dúdú wà pẹ̀lú, kì í ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, bilirúbìn ni. Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mọ̀ ọ́n. Sẹ́ẹ̀lì pupa tiwọn kì í pé 120 ọjọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń kú láàárín 10 sí 20 ọjọ́, bilirúbìn á wá pọ̀ ju ohun tí òróòro lè gbà. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé tó ní àrùn yẹn fi lè ní òkúta nínú àpò òróòro, nígbà tó jẹ́ pé àgbàlagbà la mọ̀ ọ́n mọ́ jù.

Àwọn wo ló sábà máa ń ní ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù? Obìnrin ju ọkùnrin lọ, pàápàá àwọn tó lóyún tàbí tó ti bímọ. Àwọn tó ti ń dàgbà. Àwọn tó sanra jù. Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé àwọn tó sáré fọn ní kíákíá náà wà nínú rẹ̀: ẹ̀dọ̀ á máa da kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sínú òróòro lọ́pọ̀, àpò ò sì ní rí ọ̀rá tó máa mú un sún kì.

Ẹ má bẹ̀rù jù o. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní òkúta yìí ò mọ̀ pé àwọn ní in, kò sì ní dà wọ́n láàmú títí tí wọ́n á fi kú ikú àgbà. Bí síkáànù tí wọ́n ṣe torí nǹkan mìíràn bá ṣèèṣì rí i, tí kò dùn yín rí, dókítà yín lè ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe àìnáání. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ nígbà tí òkúta bá lọ dí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo sọ fún yín. Bí ìrora bá kọjá wákàtí márùn-ún tí kò lọ, bí ibà àti òtútù bá tẹ̀ lé e, bí ojú bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́la. Òkúta tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ọ̀pá pánkíríàsì ti pàdé wọn lè mú kí pánkíríàsì náà wú, ìyẹn sì lè pààyàn.

Kí n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan kún un. Àwọn kan ń sọ fáyé pé kéèyàn mu òróró púpọ̀ pọ̀ mọ́ omi ọsàn kíkan lóru, pé òkúta á bá ìgbẹ́ jáde. Ní òwúrọ̀, ẹ máa rí nǹkan roboto aláwọ̀ ewé lóòótọ́. Wọ́n ti yẹ irú rẹ̀ wò: òróró tẹ́ ẹ mu ló di bí ọṣẹ nínú ìfun. Òkúta yín ṣì jókòó síbi tó wà. Ẹ sì wò ó, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti sọ, kí ni òróró púpọ̀ máa ní kí àpò ṣe? (Àwùjọ: "Kó sún kì!") Ẹ ṣeun. Kó sún kì mọ́ òkúta.

Ṣé èèyàn lè wà láìní in?

Ẹṣin ò ní àpò òróòro. Erin ò ní. Ẹyẹlé ò ní. Eku ńlá ò ní, èkúté kékeré tó jọ ọ́ wá ní. Ẹ má bi mí pé ta ló pín in bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀dọ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe òróòro. Àwọn tí kò ní àpò, ńṣe ni tiwọn ń kán tó, tó, tó wọ ìfun láìdúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣe ronú. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá la àpò, òkúta ni wọ́n ń kó, wọ́n á fi àpò sílẹ̀. John Bobbs ṣe èyí ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1867. Ṣùgbọ́n bí o bá kó ìdọ̀tí tí o sì fi ibi tó ti ń jáde sílẹ̀, kí lo ṣe? Carl Langenbuch ní Berlin ló pinnu pé àpò náà ló yẹ kó lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1882, ó yọ odindi àpò òróòro kúrò lára ọkùnrin ẹni ọdún 43 kan. Ọkùnrin náà yè. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, Erich Mühe, ọmọ Jámánì bíi tirẹ̀, gba ojú ihò kéékèèké yọ ọ́ láìla ikùn gbọọrọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ayé nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe yọ tèmi nìyẹn. Àpá mẹ́rin, èyí tó gùn jù kò tó ìka ọmọdé.

Kí ló yí padà lára mi? Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, bí mo bá jẹ ọ̀rá púpọ̀, mo máa ń sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ó rọlẹ̀. Ẹ̀dọ̀ mi ṣì ń ṣe tirẹ̀, ó ń kán wọ ìfun bíi ti ẹṣin. Mò ń jẹun bíi tiyín. Ohun tí mo pàdánù ni ẹni tó ń bá mi wo àsìkò, torí náà mo ń jẹ ọ̀rá níwọ̀nba, mi ò kó o jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí bóyá wọ́n fún mi ní òkúta náà. Wọ́n fún mi. Ó wà nínú ìgò kékeré yìí. Ẹ gbé e yí ká, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wọn dáadáa: wọn ò rí róbótó, ojú wọn tẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Wọ́n jọ wà nínú ibi tóóró yẹn fún ọdún púpọ̀, wọ́n ń ra ara wọn, títí ìkíní fi gbẹ́ ìkejì. Ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ o. Bó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ béèrè ìbéèrè yín, kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé yín.